Margaret Bondfield: Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó di mínísítà, àti ọwọ́ tó fi mú owó àwọn aláìríṣẹ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ ní ìlú Òyìnbó, ẹ ti gbọ́ nípa owó tí ìjọba ibẹ̀ máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó náà kò ṣàdédé wà. Àwọn aṣòfin ló ń dìbò sí i, wọ́n ń fi kún un, wọ́n sì tún ń gé e. Nínú àwọn tí ọwọ́ wọn kan ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Bondfield ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Kìrìsìtẹ́nì ni, kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ amánà ni ìtàn rẹ̀ dá lé.

Wọ́n bí i ní Chard, ní agbègbè Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1873. Ọmọ kẹwàá ni nínú ọmọ mọ́kànlá. Iléeṣẹ́ léèsì ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá nígbà tí ọmọ ṣì wà nílẹ̀ láti tọ́. Ọmọ ọdún 14 ni Margaret nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ìtajà nílé aṣọ kan ní Hove. Lásìkò yẹn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń sùn, tó ń jẹun, ìdúró láti àárọ̀ di alẹ́ sì ni. Nígbà tó dé London, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Lóru ló ń kọ ìròyìn nípa ìyà wọn, orúkọ àbòjúbo tó ń lò ni Grace Dare, kí ọ̀gá má baà lé e dànù. Lọ́dún 1923, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe alága ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó. Lọ́dún yẹn náà ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti Northampton, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Lábọ̀.

Ta ni ì bá rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gé owó tálákà?

Àmì àkọ́kọ́ hàn lọ́dún 1927. Ó ti di aṣojú Wallsend, ìlú àwọn tó ń kan ọkọ̀ òkun àti awakùsà. Ó fọwọ́ sí àbọ̀ ìgbìmọ̀ Blanesburgh, tó dá a lábàá pé kí wọ́n dín owó àwọn ọ̀dọ́ kan tí kò níṣẹ́ kù. Inú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò dùn sí i rárá.

Lóṣù Kẹfà 1929, Ramsay MacDonald fi í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò tíì sí obìnrin tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ mínísítà ilẹ̀ náà rí. Àmọ́ oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú rú. Àwọn aláìríṣẹ́ tí wọ́n lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan nígbà tó gorí oyè ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 nígbà tí ọdún 1930 fi parí. Àpò owó gbẹ. Léraléra ló ń padà wá sílé aṣòfin láti tọrọ àṣẹ kí wọ́n yá owó sí i.

Ohun rere kan wà nínú òfin rẹ̀ ti ọdún 1930. Ṣáájú rẹ̀, aláìríṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ń wá iṣẹ́ tọkàntọkàn, wọ́n sì ń fi èyí du ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó. Òfin tuntun gbé ẹrù ẹ̀rí náà kúrò lórí aláìní. Ká sọ òdodo, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé aṣòfin ló fi agídí mú un ṣe é bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí òun gbé wá kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1931 ló mú òfin mìíràn wá, èyí tó dè é mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àkókò díẹ̀ àti àwọn obìnrin tó wà nílé ọkọ. Ibí yìí ni èmi kò ti lè gbè é lẹ́yìn. Owó yìí kì í ṣe sàráà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ obìnrin wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ́kọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, òfin ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fi ẹ̀rí hàn pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, àti pé iṣẹ́ ṣeé rí fún wọn ládùúgbò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n dá padà lófo. Ẹni tó dá èsúsú, tí wọ́n ní kó má kó o torí pé ó lọ ilé ọkọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n jẹ.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún náà ni àwọn mínísítà jókòó lórí bóyá kí wọ́n gé ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú owó aláìríṣẹ́. Àwọn 11 gbà, àwọn 9 kọ̀. Bondfield wà nínú àwọn 11, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ kí wọ́n dá àwọn tí ìyà ń jẹ jù sí. Ìjọba tú ká lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí MacDonald bá àwọn alátakò dá ìjọba tuntun sílẹ̀, Bondfield kò tẹ̀ lé e. Ìjọba tuntun náà ló wá gé owó ọ̀hún.

Àwọn ará Wallsend kò gbàgbé. Lóṣù Kẹwàá, Irene Ward fi ìbò tó lé ní 7,000 fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Ó tún gbìyànjú níbẹ̀ lọ́dún 1935, kò wọlé.

Nígbà ogun, ó ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ṣèwádìí bí tálákà ṣe ń gbé nínú àwọn ìlú ńlá. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1943. Lọ́dún 1946, wọ́n ṣe òfin adójútòfò tuntun tó kan gbogbo ará ìlú, ṣùgbọ́n Bondfield kò sí nílé aṣòfin mọ́. Àwọn mìíràn ló dìbò sí i. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Oṣù Kẹfà 1953 ló kú, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.