Ehrenberg, ẹni tí ó wo ohun tí ojú kò tó

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Akparé, tí eruku bo ewé àti òrùlé, ìnira nìkan ni ènìyàn máa ń rí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ará Jámánì kan wà láyé àtijọ́ tí ó fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wo irú eruku bẹ́ẹ̀, tí ó sì bá ohun púpọ̀ níbẹ̀. Christian Gottfried Ehrenberg ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1795 ni a bí i ní Delitzsch, nítòsí Leipzig. Ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó kọ́kọ́ kọ́, kí ó tó yí sí ìmọ̀ ìṣègùn ní Berlin. Ní 1820, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wilhelm Hemprich, bá ikọ̀ kan lọ sí Íjíbítì. Wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá, wọ́n tọ etí Òkun Pupa, wọ́n ń ṣa ewéko, ẹyẹ, ẹja àti iyùn jọ. Ẹ̀mí púpọ̀ sọnù sí ìrìnàjò náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1825, ibà pa Hemprich ní Massawa, Ehrenberg sì padà sílé láìsí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1823, nígbà tí ó wà ní Tor, lẹ́bàá Òkè Sínáì, ó rí i pé omi etí òkun pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkìtì iyùn tí ó wà nínú òkun, omi kò yí àwọ̀ padà. Ẹlòmíràn ìbá kà á sí àmì ibi. Òun bu omi náà sínú ìgò, ó gbé e wọ inú àgọ́, ó sì wò ó. Ìdì fọ́nrán tín-ín-rín ni ó rí, ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Ní 1830 ó sọ ọ́ ní Trichodesmium erythraeum. Ìbátan nǹkan yíyọ̀ tí í bo òkúta etí odò ni.

Ó tún kọ̀wé lórí iyùn Òkun Pupa ní 1834. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ilé tí àwọn ẹranko kéékèèké inú òkun fi ara wọn kọ́ ni.

Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n rí ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Bí ẹ̀wà àti ẹ̀pà ṣe ń mú ilẹ̀ oko lọ́ràá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìdílé nǹkan yíyọ̀ yìí ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń fi bọ́ omi tí kò lọ́ràá, níbi tí iyùn ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí ilẹ̀ bá ṣàn wọ òkun jù, tí ooru omi pọ̀, tí a sì kó ẹja tí í jẹ koríko òkun tán, wọn a tẹ́ bí ẹní lórí iyùn, wọn a sì pa á. Olùbọ́ a di apani.

Ní ti eruku, Charles Darwin, tí ó gbà á nínú ọkọ̀ ojú omi nítòsí erékùṣù Cap-Vert, fi ìdì márùn-ún ránṣẹ́ sí Ehrenberg. Oríṣi ohun ẹlẹ́mìí 67 ni ó rí nínú rẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé eruku Sàhárà ń gbé irin lọ sínú òkun, irin yìí sì ni Trichodesmium nílò kí ó tó lè gba náítírójìn.

Ehrenberg kò ṣàìṣìnà. Nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1838, ó ní ẹ̀dá tí ojú kò rí ní ikùn àti ẹ̀yà ara pípé bíi ti ẹranko ńlá. Félix Dujardin, ará Faransé, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ehrenberg kò gbà títí ó fi kú.

Ní ọjọ́ ogbó ojú rẹ̀ di bàìbàì. Clara, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1876. Àwọn àwòrán tí ó yà àti ohun tí ó kó jọ ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń lọ wò wọ́n: ohun tí ó tọ́jú dáadáa ni wọ́n fi ń tún ohun tí ó ṣì sọ ṣe.