Juan Ignacio Molina àti Orúkọ Ológbò Igbó Kan

Nígbà tí mò ń gba orúkọ ẹran igbó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ ìlú wa fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, bàbá ọdẹ kan dárúkọ ẹranko kékeré kan tí n kò gbọ́ rí. Mo ní n ó kọ ọ́ tí mo bá padà wá. Kí n tó padà, bàbá ti papòdà. Nínú gbogbo àwọn tí mo bi, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà mọ́. Ìdí nìyí tí ìtàn Molina fi wọ̀ mí lára.

Ọdún 1740 ni wọ́n bí i ní Chile. Ọmọdé ló wọ ẹgbẹ́ àwọn Jesuit. Ní 1767, ọba Sípéènì pàṣẹ pé kí wọ́n lé gbogbo Jesuit kúrò ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí Molina ṣe di èrò Ítálì nìyẹn, tó fìdí kalẹ̀ sí Bologna. Kò fojú kan Chile mọ́ títí ó fi kú ní 1829.

Nígbà náà, Cornelius de Pauw, tí kò dé Amẹ́ríkà rí, ń kọ ọ́ káàkiri Yúróòpù pé ẹranko àti ènìyàn ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwé ni Molina fi dá a lóhùn. Ní 1782, ó tẹ ìwé jáde lédè Ítálì lórí òkúta, ewéko àti ẹranko Chile. Ológbò igbó méjì wà nínú rẹ̀: guigna àti colocolo. Kò sọ wọ́n lórúkọ àjèjì. Orúkọ tí àwọn Mapuche, àwọn onílẹ̀, ń pè wọ́n ló fi sínú orúkọ Látìn wọn.

Guigna ló kéré jù nínú ológbò igbó Amẹ́ríkà. Kì í sábà ju kílò 3 lọ. Chile àti etí ilẹ̀ Ajẹntínà nìkan ló ń gbé. Wọ́n ń gé igbó rẹ̀ fún oko, àwọn olóko sì ń pa á nítorí adìyẹ wọn. Àwọn onímọ̀ tó ń wá a kiri lónìí láti dáàbò bò ó, Leopardus guigna ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ti pa apá Látìn dà. Ọ̀rọ̀ Mapuche ṣì wà níbẹ̀.

Kí Molina tó kú, ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Talca, ní Chile.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní ẹ̀ka yìí, bí ọdẹ bá dárúkọ ẹranko fún yín, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.