Peter Medawar àti Awọ Àjèjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni kò mọ Pasteur nínú wa? Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ Peter Medawar, bóyá àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn nìkan ni yóò dá mi lóhùn. Òun ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1915. Ọmọ Lẹ́bánónì ni bàbá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni ó kọ́ ní Oxford. Kì í ṣe oníṣègùn rárá. Ogun ni ó fà á dé ìdí ọgbẹ́. Ní ọdún 1940, ọkọ̀ òfurufú ológun kan já lulẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀, iná sì jó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà nínú rẹ̀ gidigidi. Àwọn dókítà bẹ Medawar pé kí ó bá wọn wá ọgbọ́n sí i. Bí wọ́n bá lẹ awọ ẹlòmíràn mọ́ irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi kú dànù. Kí ló ń pa á?

Ní Glasgow, òun àti Thomas Gibson, oníṣẹ́ abẹ, lẹ awọ tí wọ́n gé lára ọkùnrin kan mọ́ ara arábìnrin rẹ̀ tí iná jó. Awọ náà gbé ọjọ́ díẹ̀, ó sì kú. Wọ́n tún gé òmíràn lára ọkùnrin yìí kan náà. Èyí kò tilẹ̀ pẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Ara obìnrin náà ti dá àjèjì yìí mọ̀, ó sì ń rántí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí ń bá wa pa kòkòrò àrùn náà ni ó ń pa awọ tí a fi ta wá lọ́rẹ. Ní ọdún 1943 ni wọ́n gbé iṣẹ́ yìí jáde.

Lẹ́yìn ogun, ó kan ìbejì màlúù. (Ọmọ Yorùbá wo ni yóò ka èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín?) Àwọn ìbejì tí kò jọra pàápàá ń gba awọ ara wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn ti dàpọ̀ nínú oyún. Òun, Billingham àti Brent wá gún ọmọ eku tí ó ṣì wà nínú oyún ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì eku mìíràn. Nígbà tí ó dàgbà, ó gba awọ irú eku bẹ́ẹ̀ láìjà. Ọdún 1953 nìyẹn. Òun àti Burnet gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960, Medawar sì pín nínú owó tirẹ̀ fún Billingham àti Brent, tí a kò dárúkọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí ju ẹ̀bùn náà lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ọdún 1969, síbẹ̀ kò yé kọ̀wé títí ó fi kú ní ọdún 1987.

Lójú tèmi, ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi hàn jù bí ìbéèrè rẹ̀ ti le tó. James Hardy ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn sí ènìyàn lára, ní Mississippi, ní ọdún 1963. Ọjọ́ 18 ni aláìsàn náà lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, oògùn ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ kọ́, ọ̀pọ̀ sì ń lo ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró kò fara pamọ́ bíi kíndìnrín: gbogbo èémí ni ó ń gbé eruku àti kòkòrò wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò sì lè sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣá àwọn ọ̀nà èémí kéékèèké lọ́gbẹ́, tí àpá yóò fi dí wọn pa. Láàárín ọdún 5, èyí ń bá nǹkan bí ìdajì àwọn tí a ṣe é fún. Oògùn ojoojúmọ́ ni wọ́n gbójú lé, nítorí ẹ̀kọ́ tí Medawar kọ́ eku inú oyún kò tíì ṣeé kọ́ ara àgbàlagbà bí ó ti yẹ.