Dick Tiger: Akànṣẹ́ Tí Ó Mọ Iyì Owó àti Iyì Ẹbí

Ìbéèrè: Kọ àròkọ lórí ìgbésí-ayé olókìkí ènìyàn kan tí ó ti ṣaláìsí, tí ìwà rẹ̀ lè jẹ́ àríkọ́gbọ́n fún àwọn ọ̀dọ́.

Ìlapa èrò:
(a) Ìfáàrà: irú ènìyàn tí Dick Tiger jẹ́
(b) Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀
(d) Ìyà tí ó jẹ ní Liverpool
(e) Òkìkí rẹ̀, ìdílé rẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣọ́ owó ná
(ẹ) Ogun abẹ́lé, àdánù rẹ̀ àti ikú rẹ̀
(f) Ìkádìí: ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Àròkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ akànṣẹ́ létí yín, ó ṣeé ṣe kí ọkàn yín lọ sọ́dọ̀ aláriwo ènìyàn, afọ́nnu, ẹni tí ń náwó bí ẹni pé ilẹ̀ ọ̀la kò ní í mọ́. Dick Tiger kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gba oyè akànṣẹ́ tí ó ga jù lọ lágbàáyé nínú ìpele àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju pọ́n-ùn 160 lọ, ó sì tún gba ti àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju pọ́n-ùn 175 lọ. Síbẹ̀, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fẹ́ràn aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ràn eré ìdárayá, ó sì mọ iye tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀ nítorí pé ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ ronú sí. Bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ kára, tí ó tọ́jú owó rẹ̀, tí ogun sì wá kó o lọ, ṣé asán ni gbogbo làálàá rẹ̀ já sí?

Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1929 ni a bí i ní Amaigbo, ní agbègbè Orlu, ní ilẹ̀ Ìgbò. Ìpínlẹ̀ Imo ni ìlú náà wà lónìí. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó ṣí lọ sí Àbá, ìlú tí òwò ti gbilẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ ni kí ó máa kó ìgò òfìfo jọ, kí ó sì máa tún un tà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá òbí yín pàtẹ rí mọ̀ pé èrè orí ìgò òfìfo kò tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó tó nǹkan gbọ́dọ̀ máa ka kọ́bọ̀ mọ́ kọ́bọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìdí ọjà yìí ni Richard ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi kú.

Àbá yìí kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun òyìnbó fẹ́ràn eré yìí, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. A gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó rí bí ọmọkùnrin náà ṣe ń bẹ́ mọ́ alátakò rẹ̀ bí ẹranko tí a ń pè ní tiger, tí ó fi sọ ọ́ ní Dick Tiger. Ní ọdún 1952, ó sọ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn di iṣẹ́ tí ó ń gba owó lé lórí.

Ní ọdún 1955, Tiger wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Hogan Bassey, ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà sì ti ń là fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ojú Tiger rí. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà ní ilẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi borí rẹ̀. Òtútù ń mú un, owó tí ó ń rí nídìí ìjà kò tó jẹun, ó sì di dandan fún un láti máa ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Tiger ń ṣiṣẹ́, ó ń gbára dì, ó sì ń kọ́ ọgbọ́n tuntun lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 1957, ọdún tí Bassey gba oyè àgbáyé ní ìpele tirẹ̀, Tiger borí Terry Downes ní London. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1958, ó gbé Pat McAteer ṣubú ní abala kẹsàn-án ní Liverpool, ó sì gba oyè gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀mẹrin léra, tí wọ́n rò pé kò lè gòkè mọ́, ti di ọ̀gá.

Ní ọdún 1959, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, nítorí pé ibẹ̀ ni oyè àgbáyé àti owó ńlá wà. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1962 ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ oyè náà. Ó bá Gene Fullmer jà ní San Francisco fún abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn onídàájọ́ sì dá a láre. Fullmer yìí kì í ṣe ọmọdé. Ó ti borí Sugar Ray Robinson rí, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ̀gá gbogbo akànṣẹ́.

Wàyí o, ẹ wo bí Tiger ṣe ń gbé ayé rẹ̀ nígbà tí owó dé. Kò ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá láti fi yangàn ní New York. Ilé tí owó rẹ̀ kò wọ́n ni ó ń gbé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ sí ibi ìgbáradì, ó dé fìlà dúdú bí akọ̀wé ọ́fíìsì, ó sì fúnra rẹ̀ gbé àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn akọ̀ròyìn òyìnbó tí ó rí i ń ṣe kàyéfì. Àwọn kan nínú wọn rò pé ahun ni. Ṣùgbọ́n ahun kì í náwó lórí ẹnikẹ́ni, Tiger sì mọ ẹni tí òun ń tọ́jú owó fún. Abigail, ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà gbogbo. Owó tí ó rí nínú ìjà ni ó fi ń kọ́ ilé sí Àbá àti àwọn ìlú mìíràn ní Nàìjíríà, kí ìdílé rẹ̀ lè rí owó ilé gbà lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè ju ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Bí ìjà bá sì parí, ó máa ń fẹ́ padà sọ́dọ̀ wọn. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.

Ọjọ́ kan wà tí gbogbo Nàìjíríà pa pọ̀ pe Tiger ní tiwọn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí a ti sọ ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 2010. Òun àti Fullmer ti kọ́kọ́ ta ọ̀mì ní Las Vegas ní oṣù kejì ọdún náà. Kò tíì sí ìjà fún oyè àgbáyé ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa, àgbà àti èwe, wọ́n kún inú pápá bí omi. Tiger lu Fullmer ní àlùbolẹ̀. Nígbà tí abala keje parí, àwọn ènìyàn Fullmer kò jẹ́ kí ó jáde fún ìkẹjọ mọ́. Ariwo ayọ̀ gba ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ yìí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, Joey Giardello gba oyè lọ́wọ́ Tiger ní Atlantic City. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí Tiger fi dúró kí wọ́n tó fún un láàyè láti tún bá Giardello jà. Ó ṣe sùúrù, ó sì gba oyè náà padà ní oṣù kẹwàá ọdún 1965. Emile Griffith tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1966, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tiger nígbà náà. Dípò kí ó fẹ̀yìn tì, ó bọ́ sí ìpele tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì borí Jose Torres ní New York ní oṣù kejìlá ọdún 1966. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọ̀gá nínú ìpele kejì.

Àsìkò yìí gan-an ni nǹkan dàrú nílé. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1967, wọ́n kéde Biafra. Ní oṣù keje, ogun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ pariwo ayọ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ti ń dojú ìbọn kọ ara wọn. Tiger dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Biafra, ó ń kọ́ àwọn ọmọ-ogun ní eré ìdárayá, ó sì ń lọ sí òkè òkun láti jà nígbà tí àyè bá gbà á. Ní ọdún 1969, ó dá àmì-ẹ̀yẹ MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, nítorí pé wọ́n ń ran ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ nínú ogun náà. Ẹ lè gbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì lè má gbà, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ń ta àwọn ènìyàn rẹ̀ nítorí ìtura ara rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster, ọkùnrin tí ó ga fíofío jù ú lọ, gbé e ṣubú ní abala kẹrin, ó sì gba oyè rẹ̀. Nínú gbogbo ìjà tí Tiger jà láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yẹn péré ni wọ́n gbé e ṣubú tí kò lè dìde kí kíkà tó parí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ogun wọ Àbá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn kó jọ láti ọdún 1952 ni ó bá ogun náà lọ.

Kí ni ẹ rò pé ó ṣe? Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó borí Frankie DePaula ní oṣù kẹwàá ọdún 1968. Ní ọdún 1969, ó borí Nino Benvenuti, ẹni tí ó wà lórí oyè àgbáyé nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò torí oyè jà. Nígbà tí ó ja ìjà rẹ̀ ìkẹyìn ní oṣù keje ọdún 1970, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn èyí, ó gba iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá kan ní New York, tí wọ́n ń pè ní Metropolitan Museum. Ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ti patẹ́wọ́ fún ń ṣọ́ àwòrán lára ògiri. Kò tijú. Owó oṣù ni ó ń wá fún ìdílé rẹ̀.

Níbẹ̀ ni àìsàn ti kọlù ú. Àwọn dókítà sọ pé jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà gbà kí ó padà wálé, ó sì kú ní Àbá ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún 1971. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Ní ọdún 1991, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn akànṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, ní ilé ìrántí wọn ní Canastota, ní Ìpínlẹ̀ New York.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa. Ṣé asán ni làálàá rẹ̀? Ní tèmi, kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ogun kó ilé rẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n ìtọ́jú owó tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fi owó gbéra ga nígbà tí ó ní in, kò nira fún un láti dé fìlà ọlọ́dẹ nígbà tí owó náà lọ. Ìwà tí ó kọ́ nídìí ìgò òfìfo ni ó gbé e dìde ní Liverpool, òun náà ni ó gbé e dìde lẹ́yìn ogun. Nítorí náà, bí ẹ bá rí owó, ẹ ṣọ́ ọ ná, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ fún. Bí wọ́n bá borí yín lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ tún gbára dì fún ìkarùn-ún. Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ, èyí sì ni ogún tí Dick Tiger fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti fún gbogbo wa.