PAUL ROBESON: ỌBA OHÙN TÍ WỌ́N FẸ́ PA LẸ́NU MỌ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òwe náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn Paul Robeson yóò mọ̀ pé ẹnu tí ń sọ òtítọ́ pàápàá a máa mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ìgbésí ayé ọkùnrin yìí wò, ẹni tí ó kọ orin àwọn ẹrú Amẹ́ríkà àti orin àwọn mẹ̀kúnnù Rọ́ṣíà sétí gbogbo ayé.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Princeton ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1898. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, William Drew Robeson, sí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàbá yìí nígbà tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní North Carolina. Ó kàwé, ó sì di àlùfáà ìjọ. Paul kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí iná jó ìyá rẹ̀ pa nínú ilé ní ọdún 1904. Ọwọ́ bàbá ni ó dàgbà sí, inú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá náà ni ó sì ti mọ orin ẹ̀mí tí àwọn ẹrú fi sílẹ̀ fún ọmọ wọn.

Ní ọdún 1915, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí ilé-ìwé gíga Rutgers. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kẹta ni ó jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn, àwọn ọmọ òyìnbó lù ú títí imú rẹ̀ fi ṣẹ́. Ara rẹ̀ yá, ó padà sórí pápá, ní ọdún 1917 àti 1918 wọ́n sì kà á mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kò fi bọ́ọ̀lù pa ìwé lára o! Òun ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ ìdágbére fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1919.

Ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Columbia ní ọdún 1923. Ní ọ́fíìsì lọ́yà tí ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, akọ̀wé òyìnbó kan kọ̀, ó ní òun kò ní í kọ ọ̀rọ̀ tí aláwọ̀ dúdú bá pè fún òun. Robeson dìde, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Eslanda, ìyàwó tí ó fẹ́ ní ọdún 1921, ni ó tì í lẹ́yìn dé ìdí eré orí ìtàgé.

Orin Ẹrú Dé Gbọ̀ngàn Ńlá

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1925, Robeson àti Lawrence Brown, atẹdùùrù rẹ̀, dúró níwájú èrò ní New York. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n kọ. Orin tí wọ́n ń kọ lóko òwú wá di ohun tí àwọn ọlọ́lá ń sanwó gbọ́. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí ààrá tí ń kù láti òkèèrè, síbẹ̀ ó rọ̀ létí.

Ní ọdún 1928 ó kọ Ol' Man River nínú eré Show Boat ní Lọ́ńdọ̀nù, orin náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Orin ẹni tí ayé ti sú ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún un. Nígbà tí ó ṣe, ó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sọ ọ́ di orin ẹni tí yóò jà títí dọjọ́ ikú.

Lọ́ńdọ̀nù yìí ni ó ti pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. Ó kọ́ èdè Áfíríkà nílé-ìwé, ó sì sún mọ́ WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ní ọdún 1935 ó ṣe sinimá Sanders of the River, tí wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ ka Nàìjíríà. Orlando Martins, ọmọ Èkó, wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí sinimá náà jáde, ìyìn àwọn òyìnbó amúnisìn ló kún inú rẹ̀. Ó dun Robeson wọra, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ó Dé Rọ́ṣíà

Ní òpin ọdún 1934, Sergei Eisenstein, aṣesinimá, pè é wá sí Mọ́síkò. Bí ó ti ń kọjá ní Jámánì, àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dojú kọ ọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin Berlin. Ní Mọ́síkò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó bá pàdé: wọ́n fi ọ̀yàyà gbà á, kò sì sí ẹni tí ó fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí àwọ̀. Ó ti kọ́ èdè wọn kí ó tó lọ, ó sì ń fi èdè náà kọ orin àwọn afàkọ̀ odò Volga àti orin Mussorgsky.

Kí ló fa orin Rọ́ṣíà mọ́ ọn lára? Ọdún 1861 ni wọ́n tú àwọn àgbẹ̀ Rọ́ṣíà sílẹ̀ lóko ẹrú àwọn olówó ilẹ̀. Ọdún 1865 ni òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ìyà kan náà ló bí orin méjèèjì. Robeson tún ṣàkíyèsí pé ìró ohùn márùn-ún ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ orin àbáláyé ní Áfíríkà, ní Ṣáínà, ní Scotland, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ẹ fetí sí orin ilẹ̀ wa dáadáa, ẹ ó bá ohùn márùn-ún náà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Èyí ló mú un gbà pé ọmọ ìyá kan ni gbogbo mẹ̀kúnnù ayé.

Ọ̀ràn Dé

Láti ọdún 1943 lọ, ó ṣe Othello ní Broadway ní ìgbà 296; kò sí eré Shakespeare tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn ogun, ọ̀rẹ́ Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà dàrú. Robeson kò yé sọ̀rọ̀ sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú, kò sì yé yin Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1949, jàǹdùkú dí ọ̀nà mọ́ orin rẹ̀ nítòsí Peekskill. Ó padà lọ kọ ọ́ lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n sọ òkúta lu àwọn tí ó wá gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń relé. Ní ọdún 1950 ìjọba gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Gbọ̀ngàn sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwo rẹ̀ sì di ohun àwátì lórí àtẹ.

Wọ́n dè é lẹ́sẹ̀, wọn kò rí ohùn rẹ̀ dè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, ó gun orí ọkọ̀ akẹ́rù ní ẹnubodè Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó kọrin fún èrò ní ìhà méjèèjì. Ní ọdún 1957, ó gba orí tẹlifóònù kọrin láti New York fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn awakùsà Wales.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò lè gbè é. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Itzik Feffer, akéwì Júù, ní Mọ́síkò. Ẹlẹ́wọ̀n ni Feffer, wọ́n kàn mú un wá kí i ni. Ọmọ Robeson sọ nígbẹ̀yìn pé ìfọwọ́júwe ni Feffer fi jẹ́ kí bàbá òun mọ ewu tí ó wà. Robeson kọ orin ìjà àwọn Júù lójú agbo ní Mọ́síkò, ìgboyà ńlá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà délé, ó ní kò sí Júù tí wọ́n ń fìyà jẹ ní Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1952 ni wọ́n pa Feffer. Ẹnu tí kò bẹ̀rù Amẹ́ríkà pa mọ́ níwájú Stalin. Bóyá ó rò pé àwọn ọ̀tá òun yóò fi òtítọ́ náà ṣe ohun ìjà. Síbẹ̀, ìyà kò ní ẹ̀yà.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ ní ọdún 1958, ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kọ lù ú ní ọdún 1961. Ó padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, ó sì kú ní Philadelphia ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1976, ní ọmọ ọdún 77. Ní ọdún 2004, orílẹ̀-èdè tí ó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ tẹ àwòrán rẹ̀ sí ara sítáǹbù lẹ́tà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwa tí a ń kàwé níbi tí èdè wa kì í ti í ṣe èdè ìlú, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Ó kọ́ èdè ẹlẹ́dè, ó kọ orin olórin, kò sì sọ orin bàbá rẹ̀ nù. Kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí òun sì ti dákẹ́, kí àwa má dákẹ́.