J. D. 'Okhai Ojeikere

Johnson Donatus Aihumekeokhai Ojeikere (1930–2014) jẹ́ gbajúmọ̀ ayafọ́tò ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 1950 ni ó ra kámẹ́rà àkọ́kọ́, Brownie D. Ó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn kí ó tó wá sí Èkó. Lẹ́yìn tí ó dara pọ̀ mọ́ Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ọnà Nàìjíríà ní ọdún 1967, ó gbé kámẹ́rà rìnrìn àjò káàkiri orílẹ̀-èdè. Láti ọdún 1968, ó ń ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀yìn, kí ọnà ibẹ̀ lè hàn kedere. Irun dídì kì í pẹ́ kí wọ́n tó tú u. Fọ́tò rẹ̀, tí ó tó ẹgbẹ̀rún kan, ni ó pa ọnà náà mọ́.