Kettering, Baba Kọ́ńtáàtì

Ìtàn ọba, ológun àti òṣèlú la sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ojú ń dùn la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá yà sí ìsọ̀ mẹkáníìkì ní Uselu, tí ẹ bá ọkọ̀ ìjàpá tàbí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ bíi MGB níbẹ̀, tí ọ̀gá ń fi sáńpépà ha kọ́ńtáàtì rẹ̀, iṣẹ́ ọpọlọ ọkùnrin yìí ló ń tún ṣe.

Charles Franklin Kettering ni orúkọ rẹ̀. Oko kan nítòsí Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1876. Bó bá kàwé pẹ́, orí a máa fọ́ ọ. Ó ṣe tíṣà, ó wọ yunifásítì, ojú lé e jáde, ó lọ bá àwọn tó ń ri òpó tẹlifóònù ṣiṣẹ́, ó sì tún padà. Ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 28 kó tó gboyè ní 1904. Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún pé ìyanṣẹ́lódì ń jẹ yín lọ́jọ́ orí, ẹ gbọ́ o!

Ilé-iṣẹ́ National Cash Register ní Dayton gbà á, ó sì fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì sínú ẹ̀rọ ìgbowó wọn. Ní 1909, òun àti Edward Deeds dá ilé-iṣẹ́ Delco sílẹ̀. Inú abà tó wà lẹ́yìn ilé Deeds ni wọ́n ti ń ṣe é lóru.

Ìṣòro ìgbà náà ni pé kọ́ìlì inú ọkọ̀ a máa ta iná léraléra bí òjò, bátìrì a sì tètè kú. Kettering ní ẹyọ kan tó lágbára tó. Bátìrì ń fún kọ́ìlì níná. Ọ̀pá onígun kan tó ń yí nínú disitiríbútọ̀ ṣí kọ́ńtáàtì. Iná já lójijì. Kọ́ìlì sì ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì sí púlọ́ọ̀gì. Kọndẹ́ńsà ni kò jẹ́ kí kọ́ńtáàtì tètè jóná. Cadillac lò ó. Nígbà tó di ọkọ̀ Cadillac ti 1912, Kettering ti fi sítátà sí i, irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, tó ń ṣẹ́ni lápá, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ la lè yìn. Ní 1921, ní ibi ìwádìí General Motors tó ń darí, Thomas Midgley rí i pé èròjà òjé a máa dá kíkàn ẹ́ńjìnnì dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ kú níbi tí wọ́n ti ń po ó ní 1924, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Èéfín òjé yìí ni ayé ń fà símú títí di 2021, tí Algeria fi òpin sí i kẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè. Lójú tiwa, ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ àti ti Alfred Sloan láti 1945 kò pa ìyẹn rẹ́.

Ó kú ní Dayton ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 1958. Kọ́ńtáàtì rẹ̀ ṣì ń bẹ láyé. Àmọ́ ó ń jẹ: àlàfo rẹ̀, tí kò ju bíi 0.4 mm lọ, a máa yí padà, ọkọ̀ a sì máa wúkọ́. Ní 1973, Chrysler fi ti ẹlẹ́kítírọ́níìkì rọ́pò rẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń tà ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún MGB bàbá rẹ̀, kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà nìkan ló ń yọ. Òrùka onímágínẹ́ẹ̀tì a wọ ọ̀pá inú disitiríbútọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan a máa ka bó ṣe ń yí. Iṣẹ́ Kettering yòókù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi rìwáyà léèrè: MGB tó jáde ṣáájú 1967, pósítífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún nẹ́gátífù yóò jó níbẹ̀. Ẹ má sì ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Kọ́ńtáàtì tí ẹ yọ, ẹ dì í pẹ̀lú kọndẹ́ńsà rẹ̀ sínú ọkọ̀, torí bí ẹ̀rọ tuntun náà bá kú lójú ọ̀nà Benin sí Ọ̀rẹ̀, kò sí sáńpépà tó lè jí i.